Ọwọ́ Ọ̀tún Bàbá Olómi

"Ìyá àgbà, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ọ̀rẹ́kùnrin yín àtijọ́ ni Bàbá Olómi ni?"

Ọmọ ọmọ mi ló bi mí bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, níbi tí a jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì abẹ́ igi ní gbàgede ìlú. Ó ń mi ẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú rẹ̀ wà lára ère gíga tó dúró níwájú wa. Mo nawọ́ láti fa etí rẹ̀, ó ti fò sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Ìrẹ̀ láti kékeré. Bí o bá ní o ti mú un níhìn-ín, ọ̀hún ni wàá ti gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ẹnu rẹ yìí, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó kó bá ọ," ni mo wí.

"Ṣebí gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ ń wọ́ mi wá síbí? Àwọn ìyá àgbà ẹgbẹ́ yín ń sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹ̀yin ń wá wo olóṣèlú. Tí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́, kí ló wá jẹ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni lóòótọ́. Ibi tí ìfẹ́ náà wà lára ère yẹn ni kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi. Nígbà tí mo wà ní ọmọge, omi ni ìyà tó ń jẹ gbogbo wa. Àdúgbò òkè ní odò jẹ́ tàwọn, àdúgbò ìsàlẹ̀ ní ó jẹ́ tàwọn, a sì ń fi garawa fọ́ ara wa lórí. Bàbá Olómi ló fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú. Ṣùgbọ́n kó tó fà á, ó kọ́kọ́ lọ dúró láàárín àwọn tó ń jà, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ní kí àgbà ìsàlẹ̀ wá bọ òun lọ́wọ́, kí àgbà òkè náà wá bọ òun lọ́wọ́. Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó kú, ìlú ní àwọn fẹ́ ère rẹ̀ bó ṣe nawọ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọ̀gá oníṣẹ́-ère tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ti ọkọ mi. Ṣúmékà ni ọkọ mi. Àwọn méjèèjì a máa pariwo bára wọn sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn ògiri bí ẹni pé ògiri kò sí níbẹ̀. Oníṣẹ́-ère yìí ṣe orí, ó dára. Ó ṣe agbádá, ó dára. Ó kan ọwọ́, ó di wàhálà. Gbogbo fọ́tò tí wọ́n kó fún un, ojú ni. Ọwọ́ Bàbá Olómi tí kò bá wà nínú àpò, ayàwòrán á ti gé e dànù. Ó ń mọ ọwọ́, ó ń wó o. Ó ní gbogbo ẹ̀ ń jọ ìṣù iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gún ní igi márùn-ún.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó yọrí sí ẹnu ọ̀nà wa. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi lọ́wọ́ yín."

Ọkọ mi kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára bàtà tó ń rán. "Èwo nínú méjèèjì? Nítorí mò ń lò wọ́n."

Bó ṣe po ìyẹ̀fun funfun nìyẹn, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ ẹni tó kán ní ọsibítù, tó tẹ ọwọ́ ọkọ mi bọ inú rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Kò pẹ́ tí imú bẹ̀rẹ̀ sí í yún ọkọ mi. Èmi ni mo bá a họ ọ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Nígbà tí ìyẹ̀fun náà le, oníṣẹ́-ère là á sí méjì, ó yọ ọwọ́ jáde, ó dé e padà, ó wá da sìmẹ́ńtì sínú ihò tí ọwọ́ fi sílẹ̀. Ohun tó jáde níbẹ̀, ẹ̀rù bà mí. Èékánná ọkọ mi ni. Ìka àárín rẹ̀ tó wọ́ díẹ̀ nítorí okùn tó ti ń fà láti kékeré, ó wà níbẹ̀. Àpá ọ̀bẹ tó wà lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀, ó wà níbẹ̀.

Ọwọ́ yìí ló fi kún ère níkẹyìn, ó fi ọ̀pá irin tín-ín-rín kan so ó mọ́ apá. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ kò lágbára tó. "Kò séwu," ó wí, "ta ni yóò gun ọwọ́ Bàbá Olómi?" Ó wá bẹ̀ wá pé kí a má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí kánsù bá gbọ́ pé ọwọ́ ṣúmékà ni òun fi sára ẹni ńlá, wọ́n á ní kí òun wó o. A búra fún un. Ọmọ tí a bí gan-an kò gbọ́ ọ lẹ́nu wa.

Háà, ayé ìgbà náà dùn. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, èmi àti ọkọ mi á múra, a ó lọ sí gbàgede. Ọkọ mi á dúró níwájú ère, á wo ọ̀tún, á wo òsì, tí kò bá sí ẹni tó ń gbọ́, á ní, "O kú ìsinmi o, ọwọ́ mi. Ìwọ ń jayé, èmi ń rán bàtà." Mo ti gbọ́ àwàdà yìí títí, kò sì sú mi rí. Ó kú kí ìyá Ìrẹ̀ tó ní ọkọ. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ó fi sílẹ̀ ni ti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, ẹ̀yìn mi ni ó sì fi ọwọ́ sí nínú rẹ̀. Ara ọkọ mi tó kù fún mi láyé ni ọwọ́ yẹn. Òun ni mo ń lọ wò, kì í ṣe olóṣèlú.

Ìrẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ mi nítorí pé nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, ìlú mìíràn ni iṣẹ́ gbé e lọ. Ọmọ náà ní orí ìwé. Ọdún yẹn ni ó wà ní kíláàsì àṣekágbá, òun sì ni àwọn olùkọ́ yàn pé kí ó sọ̀rọ̀ ìdágbére lórúkọ gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́ kó lè wá gbọ́ ọ. Lójoojúmọ́ ni Ìrẹ̀ ń dúró nínú ṣọ́ọ̀bù tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi, níwájú dígí tí àwọn oníbàárà fi ń wo bàtà, tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí èmi ń rán báàgì, tí mo ń pàtẹ́wọ́ níbi tí kò yẹ.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì wọn tí wọ́n ń pè ní Sẹnátọ̀. Ẹ ò ní béèrè ìdí bí ẹ bá gbọ́ ọ. Tó bá fẹ́ kí ọ káàárọ̀, á kọ́kọ́ nu ọ̀fun. Ilé ìwé wọn àti ilé ìwé tó wà lódìkejì títì ní ìdíje òmùgọ̀ kan: bí ìdánwò bá ti ń parí, ẹnìkan á gun ère lọ fi táì ilé ìwé rẹ̀ kọ́ Bàbá Olómi lọ́rùn. Lọ́dún náà, àwọn ti òdìkejì ti kọ́ tiwọn, fọ́tò rẹ̀ sì ti ń lọ káàkiri lórí fóònù gbogbo wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, ẹnu Ìrẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ nígbà tó yá. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ó ku bébà kan ṣoṣo kí wọ́n parí. Oòrùn mú, ẹ̀ṣọ́ gbàgede ti lọ jẹun, kò sí ènìyàn níbẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì náà dúró yí ère ká.

"Ìrẹ̀, ìwọ lo fúyẹ́ jù nínú wa," ni Sẹnátọ̀ wí. "Ìtàn ń pè ọ́."

"Kí ìtàn pe ẹlòmíì. Èmi ní ìdánwò lọ́jọ́ Ajé."

"Kò burú. A ó kàn sọ fún gbogbo ilé ìwé pé ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórúkọ wa, ojo ni."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, "Ojo! Ojo!" Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi gbà á. Ìrẹ̀ ní ẹ̀rín yẹn ló dun òun. Ó mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń sọ kò dára, ó mọ̀ pé òun lè yí padà kí òun máa lọ sílé, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó bọ́ bàtà, ó gba táì, ó gun pèpéle.

Ó fi ẹsẹ̀ kan lé eékún ère, ó fi ìkejì lé ọwọ́ tó nà síta, ó sì dé ọrùn. Ó so táì. Ariwo ta nísàlẹ̀. Fóònù ti wà lókè.

"Dúró bẹ́ẹ̀!" ni Sẹnátọ̀ ń kígbe. "Gbé ẹsẹ̀ kejì kúrò níbẹ̀, dúró lórí ọwọ́ náà, kí ó lè dà bí ẹni pé ó gbé ọ dání!"

Ìrẹ̀ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ọwọ́ ọkọ mi.

Ó ní òun gbọ́ 'kàù' lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ òun. Ó rọ̀ mọ́ táì, táì tú, ó fi orúnkún họ ara ère wálẹ̀. Nígbà tó máa fi gbórí sókè, kò rí ẹnikẹ́ni mọ́. Sẹnátọ̀ ló ṣíwájú nínú eré náà, eré tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó lè sá. Ọwọ́ náà wà lórí koríko, kò fọ́. Ìrẹ̀ ní òun rò ó pé tí wọn ò bá rí i, bóyá wọn ò ní mọ̀ pé ènìyàn ló ṣe é. Ẹ gbọ́ èrò ẹni tí jìnnìjìnnì mú. Ó ká a mọ́ inú ẹ̀wù eré ìdárayá rẹ̀, ó tì í bọ báàgì ìwé, ó sáré.

Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá ní ṣọ́ọ̀bù láì dá àpárá kankan. Mo rí orúnkún rẹ̀ tó bó. "Mo ṣubú ni, mà." Mo fi òògùn sí i. Kò jẹun. Mo rò pé ìdánwò ni.

Nígbà tí ó di ọjọ́ Àìkú, ó ní orí ń fọ́ òun, kí n máa lọ. Mo wọ bàtà mi, mo lọ. Mo dé ìdí bẹ́ǹṣì, mo gbójú sókè.

Irin tó ti dípẹtà ló yọ síta níbi ọrùn ọwọ́. Kò sí ọwọ́.

N kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ilẹ̀ ni ìdí mi bá. Ẹ̀ṣọ́ sáré wá, ó ń fà mí dìde. "Màmá, ẹ rọra. Àwọn ọmọ burúkú kan ni, ẹ má dààmú. Kánsù ti ní tí wọn ò bá rí ọwọ́ náà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, àwọn á gé apá náà láti èjìká, wọ́n á gbé tuntun wá láti ilé iṣẹ́. Èyí tó ń dán, Màmá. Ẹ máa fẹ́ràn ẹ̀."

Ó rò pé òun ń tù mí nínú.

Mo dé ilé, mo sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣòfò. Ìrẹ̀ jáde láti inú yàrá, ó dúró lẹ́bàá ògiri. "Ìyá àgbà, ère sìmẹ́ńtì ni o. Olóṣèlú ni. Kí ló dé tí ẹ ń sunkún báyìí?" Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n n kò fiyè sí i.

Àwọn tí mo búra pẹ̀lú wọn ti lọ. Mo bá la ọ̀rọ̀ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀: fọ́tò tí kò ní ọwọ́, ìyẹ̀fun funfun, imú tí mo bá bàbá àgbà rẹ̀ họ, ìka tó wọ́, àpá ọ̀bẹ. Mo sọ fún un pé òun tí kò rí bàbá àgbà rẹ̀ rí, ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan ni òun ń rí ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ náà ń wò mí, omi kò bọ́ lójú rẹ̀, ojú rẹ̀ kàn ń rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ó wọ yàrá lọ. Mo rò pé àánú mi ló ṣe é.

Ó ṣe ìdánwò rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Sẹnátọ̀ dúró dè é ní géètì.

"Ṣé o ti jù ú nù?" ó bi í.

"Rárá."

"Jù ú sódò, Ìrẹ̀. Tí o bá jẹ́wọ́, gbogbo wa ni yóò bá. Ìwọ náà ò ní sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìdágbére mọ́. Ta ló kú? Ère ni."

Ìrẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó bọ̀ wá bá mi tààrà ní ṣọ́ọ̀bù, níbi tí mo ti ń rán ọwọ́ báàgì kan. Ó kúnlẹ̀. Ó gbé báàgì ìwé rẹ̀ sórí itan mi, ó tú ẹ̀wù tó wà nínú rẹ̀.

"Èmi ni, Ìyá àgbà. Èmi ni mo gùn ún."

N kò lè sọ bó ṣe ṣe mí. Mo gbé ọwọ́ náà. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e sókè, n kò tíì fọwọ́ kàn án. Ìka àárín yẹn wọ́ bó ṣe máa ń wọ́. Mo fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ẹ gbọ́, n kò tilẹ̀ rántí láti bínú.

"Ti ilẹ̀kùn," ni mo wí fún un.

Ó tì í.

"Ṣé ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ ni ọwọ́ náà wà?"

"Àwọn tó wà níbẹ̀ nìkan, mà. Wọn ò ní sọ."

"Ó dára. A ò ní dá a padà. Ọkọ mi ti dé ilé. Kí wọ́n lọ ra èyí tó ń dán tí wọ́n fẹ́. Ìwọ máa múra ọ̀rọ̀ tí o fẹ́ sọ, ìyá rẹ ń bọ̀. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀."

Ẹ wo ohun tó dé bá ọmọ yìí. Èmi tí ó ṣẹ̀, èmi náà ni mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Ojú ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún un gbayawu, àgbà ló sì ṣí i. Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Rárá, Ìyá àgbà."

"Kí lo wí?"

"Tó bá wà nílé yìí, a ó máa fi pamọ́ ni. Tí àlejò bá wọlé, a ó sáré bò ó. Bàbá àgbà ò jí nǹkan, mà. Ẹ ò lè máa fi ọwọ́ ẹ̀ pamọ́ bí ẹrù olè." Ó ti ń sunkún báyìí. "Tí mo bá sì ń rí i lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ohun tí mo ṣe ni màá máa rí. Mi ò ní rí Bàbá àgbà."

Inú bí mi, n kò ní purọ́. Èwo ni ti ọmọ àná láti máa la ọ̀rọ̀ yé mi nínú ṣọ́ọ̀bù mi? Mo yí ojú sí ògiri. Ògiri tí ọkọ mi máa ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn rẹ̀ ni. Ọwọ́ náà wà lórí itan mi, ìbínú náà sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ibi tí ọwọ́ tèmi kò wọ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn.

"Wá bá mi wá gèlè mi," ni mo wí. "A jọ ń lọ ni."

Ọ̀gá àgbà ilé ìwé wọn bọ́ awò ojú rẹ̀ nígbà tí Ìrẹ̀ gbé ọwọ́ náà sórí tábìlì. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ta ló wà pẹ̀lú rẹ?"

"Ẹsẹ̀ tèmi ló gùn ún, sà. Àwọn yòókù ní ẹnu tiwọn, wọ́n lè sọ tiwọn."

Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó wá jẹ́wọ́, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Ọ̀gá àgbà ní òun kò ní fọwọ́ kan ìdánwò rẹ̀, nítorí pé ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n kò ní sọ̀rọ̀ ìdágbére, kò sì ní gun orí pèpéle lọ́jọ́ náà. Yóò lọ máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ oníṣẹ́-ère ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi títí tí wọ́n á fi tún ọwọ́ náà so. Kánsù náà fara mọ́ ọn.

Ọjọ́ ìdágbére dé. Ìyá rẹ̀ wá pẹ̀lú aṣọ tuntun, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi ojú wá ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀yìn pátápátá. Inú ń bí i, ó tún ń sunkún. Ta sì ni ẹ rò pé wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ dípò Ìrẹ̀? Sẹnátọ̀ ni. Ó nu ọ̀fun, ó ní kókó ọ̀rọ̀ òun ni "Ìwà Akin". Mo wo Ìrẹ̀. Ó tẹ orí ba, ó ń wo bàtà rẹ̀. Ó dùn ún wọnú egungun. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òótọ́ kì í dunni, kò tíì sọ ọ́ rí.

Oníṣẹ́-ère àtijọ́ ti kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù náà báyìí. Nígbà tí mo bá Ìrẹ̀ débẹ̀, ó fọ ọwọ́ náà, ó yí i sókè, ó yí i sísàlẹ̀, ó wò mí.

"Màmá, bàbá mi sọ fún mi kí wọ́n tó lọ," ó wí wẹ́rẹ́. "Wọ́n ní ọwọ́ tó dára jù nínú gbogbo iṣẹ́ àwọn, àwọn kọ́ làwọn ṣe é."

Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti rí ẹni tí mo lè bá sọ ọ̀rọ̀ yẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ so ó padà, a pé sí gbàgede. Ó ti gbẹ́ irin àtijọ́ kúrò, ó ti fi èyí tó nípọn sí i. Ó po sìmẹ́ńtì tó máa ń tètè gbà, tó máa ń yára le, ó gun àkàbà, ó lẹ ọwọ́ náà mọ́ ọrùn ọwọ́.

"Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dì í mú títí yóò fi gbà," ó wí. "Tó bá yẹ̀ bíńtín, wíwọ́ ló máa wọ́."

"Èmi ni, mà," ni Ìrẹ̀ wí.

Ó gun òkè lọ gbà á lọ́wọ́ obìnrin náà, ìyẹn sì sọ̀ kalẹ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀, ó fi bọ ọwọ́ bàbá àgbà rẹ̀, ó dì í mú ṣinṣin. Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Òógùn ń sàn wọ ojú rẹ̀, kò lè nù ún. Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ń dúró wò ó, díẹ̀ nínú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ náà dúró. Ẹnìkan gbé fóònù sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí Sẹnátọ̀ tó gba àárín wọn kọjá. Mo ti múra èébú sílẹ̀ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ àkàbà mú ní ọwọ́ méjèèjì, kó má baà mì. Kò sọ̀rọ̀. Àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé rẹ̀ nìyẹn.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mò ń wò wọ́n, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún yín sì yé mi dáadáa. Ẹ̀yin ọmọ, kò sí ẹni tí ẹgbẹ́ kì í tì, ẹsẹ̀ gbogbo wa ló lè yẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ gùn ún kọ́ ni yóò dúró nígbà tó bá já. Bó bá sì ti já, ẹ má fi í pamọ́, ì báà jẹ́ àgbà tí ẹ fẹ́ràn jù ló ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e jáde ní ojú ọ̀sán. Ó lè gba ipò lọ́wọ́ yín, ó lè dójú tì yín níwájú ìyá yín, ṣùgbọ́n ohun tí a gbé jáde nìkan ni a lè tún ṣe.

"Ó ti gbà," ni oníṣẹ́-ère ké sí i látìsàlẹ̀. "O lè fi sílẹ̀ báyìí."

Ìrẹ̀ kò fi sílẹ̀. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé apá ère náà, ojú rẹ̀ rin gbindin.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó wí, "ẹ jẹ́ ká ṣì bọ ara wa lọ́wọ́ díẹ̀ sí i. A ò tíì pàdé rí."